Agogo Kẹ̀kẹ́ Wolé-wolé

Lọ́jọ́ Sátidé, mo sọ kẹ̀kẹ́ bàbá mi kalẹ̀,
Ráálì dúdú tó ti ń rọ̀ lára igi àjà láti ọdún mẹ́rìnlá.
Lápàdé tó ń lẹ táyà ní Màsífà rẹ́rìn-ín títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú:
"Bàbá, ọ̀kadà kún ìgboro,
kí lẹ fẹ́ fi àjẹkù ìpẹtà yìí ṣe?"
Mo ní kó ṣáà bá mi fa afẹ́fẹ́ sí i.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni mo gbà, kí n tó yà sọ́wọ́ òsì
níbi tí ọ̀dà ti sú, tí erùpẹ̀ pupa gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.
Kajú lọ́tùn-ún, kajú lósì,
òórùn èso tó já bọ́ ń pani bí ẹmu àná.
Ṣéènì ń bu eyín kan jẹ, ó ń fo ìkejì,
orúnkún mi ń dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ bá Odò Ọbà.
Mi ò wa kẹ̀kẹ́ mọ́, òun ló ń wà mí.
Ẹni tó ń gòkè ló ni òógùn,
ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ló ni ẹ̀rù,
pàápàá bí rọ́bà bíréèkì bá gbó ju ẹni tó ń fà á.
Atẹ́gùn kó sẹ́wù, ẹ̀wù wú,
mo di ọmọ ọdún mẹ́jọ lórí ọ̀pá kẹ̀kẹ́,
láàárín apá ọkùnrin kan
tí kì í rẹ́rìn-ín nílé, tó ń súfèé lọ́nà oko.

Bàbá mi, wolé-wolé.
Ṣòkòtò kakí, fìlà líle, ìwé ìtanràn lápò àyà.
Bí agogo rẹ̀ bá dún ní Abà Ajíṣefínní,
ìyá a gbálẹ̀, ọmọ a kólẹ̀, ewúrẹ́ pàápàá a fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.
Tanwíji inú ìkòkò nìkan ni kò mọ sísá.

Lẹ́nu afárá onígi, mo tẹ agogo.
Kò sẹ́ni níwájú mi; àtàǹpàkò mi ló rántí.
Gírín-gírín.
Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn ògiri amọ̀:
"Wolé-wolé, ẹ kú ìrìn! Mo ti dé ìkòkò mi o!"

Ìyá arúgbó ni, ojú méjèèjì ti funfun bí omi ògì.
Mo ní kí n sọ pé èmi kọ́,
pé ẹni tó ń kí ti di ará ọ̀run.
Kò gbà mí láyè.
"Èmi Àwẹ̀ró nìyí. Sílè márùn-ún ọjọ́sí,
tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ lórúkọ mi, tẹ́ ẹ tún fowó ara yín san,
akọ̀wé kóòtù sọ fún mi. Ẹ má rò pé n ò mọ̀."

Bàbá mi!
Ẹni tó torí tọ́rọ́ kan nà mí lọ́jọ́ Kérésì.

Mo ṣí ìkòkò wò. Tanwíji ń ká, wọ́n ń nà.
"Ó mọ́, Ìyá," ni mo wí.
Mo rọra da omi náà sídìí ìbẹ́pẹ, kó má baà gbọ́,
mo fi tiyúùbù gbígbó so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́,
mo lọ pọnmi lódò.
Omi tó ń ṣàn kì í bí tanwíji:
ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi nìyẹn, òun nìkan ló kọ́ mi tìfẹ́tìfẹ́.

Bíbọ̀ ló nira. Òkè tó gbé mi wá lọ́fẹ̀ẹ́
ní kí n wá sanwó.
Mo ń ti kẹ̀kẹ́, omi ń ta sí mi lẹ́yìn, ó tutù,
ni mo bá ń rò ó:
ta ní ń lọ mú ọ̀daràn tó ń tẹ agogo látorí afárá,
ibi tó jìnnà tó báyìí sílé?

Nígbà tó ku ìwọ̀n ilẹ̀ tí èèyàn lè fi gbá àgbàlá,
mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.
Mo dúró díẹ̀.
Mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀.