Iyọ̀ Etí Ìró

Dókítà Adó ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìwé ló ń wò, kò wojú:
"Ìyá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ má jẹ iyọ̀ mọ́."
Màmá mi ò fèsì. Ó wẹ̀yìn wò,
bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.
A ti kọjá Ọ̀yẹ́, a ń wo Ìtapá lọ́ọ̀ọ́kán,
kó tó lanu nínú mọ́tò:
"Ìbíwùmí, bí wọ́n bá gba iyọ̀ lọ́wọ́ èèyàn,
kí ni yóò fi yọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín.
Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àmì ohùn n'Ìkọ̀lé,
mo rò pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà tán:
yọ̀, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege;
yọ̀, bí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa lẹ́yìn òjò;
yọ́, bí òrí nídìí iná;
yọ, bí oòrùn nínú kùrukùru.
Àmì kan péré, ìtumọ̀ ti kẹ́rù bí ayálégbé.
N kò ka ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ ọn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo se ẹ̀gúsí,
mo fi ògìrì sí i, mo fi ata,
mo fo iyọ̀
bí ẹni fo orúkọ ọmọ tó ti kú nínú rẹ́jísítà.
Iyán kì í kúkú níyọ̀;
ọbẹ̀ ní í gbé ayọ̀ tirẹ̀ wá bá a nínú àwo.
Ó bu òkèlè, ó fi fa ọbẹ̀ díẹ̀, ó gbé e mì.
Ó ní, "Ó dùn."
Ohùn tó fi sọ ọ́ ló dùn mí.
Ọbẹ̀ ń dùn, orúnkún ń dùn mí:
ta ló kó àwọn méjèèjì sínú yàrá kan?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ féfé.
Ó ń lá ọwọ́. Ó ń bú ewúrẹ́ aládùúgbò bí ìgbà àtijọ́.
Mo ní, oògùn ti ń ṣiṣẹ́.
Àfìgbà tí mò ń fọ ìró rẹ̀ nídìí kànga,
ọwọ́ mi kan kókó létí aṣọ.
Mo ṣe bí owó ni. Mo tú u.
Iyọ̀. Kò kún ṣíbí kan.
Omi ti dé ibẹ̀, ó ń yọ́ lọ láàárín ìka mi.

Ìyá arúgbó, tó ń jí iyọ̀ nínú ilé ara rẹ̀!
Òun náà ló tọ́ iyọ̀ sí mi lẹ́nu
lọ́jọ́ tí n kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kankan.

N kò sọ nǹkan kan. Mo sá ìró náà.
Lálẹ́, mo fi orí ìka mú iyọ̀,
èyí tí èèrà kan lè rù,
mo fọ́n ọn sí etí àwo rẹ̀.
Ó tọ́ ọ wò. Ó wò mí.
Ó fọwọ́ pa etí ìró rẹ̀ tí kò ní kókó mọ́,
ó ní, "Tíṣà,
àmì wo lo fi sí eléyìí?"