Má Ṣí Igbá

Ẹpìyà kéékèèké méje ni mo tò síwájú Kúbúrátù
ní kíláàsì wa tó kọjú sí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.
Ó fìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí,
ó ní, "Méje ni, Tíṣà."
Mo da igbá bò wọ́n.
Mo to mẹ́ta mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá,
omi ṣì ń kán lára wọn.
"Gbogbo rẹ̀ wá di mélòó?"

Ọmọ ọdún márùn-ún sáré ṣí igbá.
"Ení, èjì, ẹ̀ta…"
bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ọjà
tó rántí pé òun kò tilẹ̀kùn,
lójoojúmọ́,
ilẹ̀kùn kan náà.

Mo ní, Kúbúrá, bí bàbá rẹ bá ń tukọ̀ lọ sí Èjìnrìn,
tó dé àárín omi, tí afẹ́fẹ́ dé,
ṣé yóò padà wá tú okùn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun kì í tukọ̀,
ẹ́ńjìnnì ló ń tún ṣe.

Ó dáa.
Fi méje sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, pa á dé.
Ẹja abẹ́ igbá kò lọ síbì kankan.
Nísinsìnyí, ọwọ́ ọ̀tún:
ẹ̀jọ,
ẹ̀sán…
Ó tún ti ṣí igbá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.
Ẹpìyà rà, a bọ́ sórí ìkarahun ìsáwùrú,
a bọ́ sórí ìdérí ìgò.
Mo pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sì dùn mí di alẹ́.
Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ dé orí igbá,
ó dúró.
"Ẹ̀jọ," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń tẹ ilẹ̀ tó ń yọ̀.

Ìyá rẹ̀ bímọ, mo lọ kí wọn.
Àlejò kan nawọ́ sáwọn ọmọ ilé:
"Ení, èjì…"
Ìyá àgbà gbá a lọ́wọ́:
"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!"
Ilé pa lọ́lọ́.
Kúbúrátù fara ti ògiri,
ọwọ́ òsì rẹ̀ dì gbọin,
ó ń wo ọmọ tuntun inú aṣọ.
"Àwọn tó wà lábẹ́ igbá, n ò ṣí wọn wò o.
Eléyìí ni ẹ̀fà."

Ìyá àgbà wò ó títí,
kò ríbi tí yóò ti bá a wí.
Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di ẹja gbígbẹ fún mi
nínú bébà.
N kò kà á.