Orúkọ Ara Páálí

Èmi ni mo kọ ọ́.
Máákà dúdú, páálí Indómì tí mo fi ọ̀bẹ là sí méjì,
ní ṣọ́ọ̀bù Alájà Múníyátù, Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.
Àpò gàárì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀.
Alájà ní kí n dà á sí bàsíà méjì:
"Kọ Gàárì Ìjẹ̀bú sí ọ̀kan,
kọ ohun tó bá wù ọ́ sí èkejì."
Mo kọ Gàárì Abà Ọdẹ́yínká,
torí ibẹ̀ ni àpò ti wá láàárọ̀,
lẹ́yìn ọ̀kadà, tòun ti ooru agbada.

Ìjẹ̀bú fi igba náírà wọ́n ju Ọdẹ́yínká lọ.

Tísà kan dé, ó da ti Ìjẹ̀bú sẹ́nu, ó dijú:
"Ẹ gbọ́ bó ṣe kan!"
Ó tọ́ èkejì wò, ó tu ú sí gọ́tà.
"Èyí ò kan rárá."
Àpò kan náà o, ẹnu kan náà.
Ojú ti jẹun yó kí ẹnu tó là.

Lọ́sàn-án ni Ìyá Súwébátù wá gbowó àpò rẹ̀.
Ó ní kí n ka ara páálí fóun. Mo kà á.
Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú:
"Ìjẹ̀bú kẹ̀! Èmi tí n kò kọjá Gbọ̀ngán rí?"
Lẹ́yìn náà ló bèèrè èyí tó ń tà.
Mo nawọ́ sí i.
Ẹ̀rín tán.
Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, níbi tí iná ti jó o,
bí ẹni tí wọ́n pe ọmọ rẹ̀ lọ́mọ ẹlòmíràn.

Nírọ̀lẹ́, ọkùnrin kan ki bíréèkì mọ́lẹ̀.
"Abà Ọdẹ́yínká! Ibẹ̀ la sin ìyá mi sí."
Kò tọ́ ọ wò. Kò ná an.
Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú búùtù,
ó ní kò sírú ẹ̀ n'Ìjẹ̀bú.
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Alájà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Lóru, mo gbọn ìdí àpò sínú ife,
mo bu omi sí i, mo fi ẹ̀pà díẹ̀ lé e,
mo ń retí kí ahọ́n dárúkọ ìlú kan fún mi.
Iná ti lọ. N kò rí páálí kankan kà.
Gàárì ni.
Ó kan díẹ̀.