Ohun Tí Ewé àti Oògùn Bí

Èmi ni mo ń da oògùn sí omi abúlé wa,
lẹ́yìn òkè Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí Ọ̀párá gbé ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ìgbọ̀nwọ́.
Ṣíbí mẹ́ta láàárọ̀, ọ̀kan àbọ̀ lálẹ́.
Ọwọ́ mi ń rùn bí aṣọ ilé ìwòsàn;
òórùn yẹn ni ìyàwó mi fi ń dá mi mọ̀ nínú òkùnkùn.

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.
Ẹni tó bá rántí ọdún onígbáméjì kò ní bèèrè.
Basílì ń gbin iṣu láàárọ̀; ilẹ̀ ṣú, a gbin òun náà.
Ilé Laléyẹ, ẹni mẹ́ta.
Ìyá Sídóníì ní òun ò ní mu omi tó ń rùn:
omi tí kò rùn ló mú un lọ.
Láti ìgbà náà, bí ọmọ bá fajú ro sí ife,
mo máa ń ní: mu ún, òórùn ìyè nìyẹn.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀,
ọmọbìnrin Ògù kan gun alùpùpù dé láti Kútọnu,
ó rọra ń bu omi sínú ìgò kéékèèké bí ẹni ń gba àṣírí.
Lẹ́yìn oṣù méjì ó padà, ó jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì mi.
Kò pariwo. Ó ní: "Bàbá, oògùn yín ń ṣiṣẹ́,
ó ń pa ohun tó yẹ kó pa.
Ṣùgbọ́n ewé kajú tó ń jẹrà sódò,
koríko, èèpo igi, gbogbo ohun tó sọ omi di pupa bí àgbo,
òun àti oògùn ń fẹ́ra wọn nínú táǹkì,
wọ́n sì ń bímọ.
Ọmọ náà ò ní àwọ̀. Kò rùn. Kì í pani lónìí.
Ó lè gba ogún ọdún. Ó sì lè má ṣe nǹkan kan."
Mo ní, kí lorúkọ rẹ̀?
Ó dá orúkọ kan tó gùn bí ọ̀nà tó gbé e wá.
Mi ò lè rù ú délé.

Òru yẹn, mò ń ka ṣíbí.
Ọdún mẹ́sàn-án.
Onígbáméjì, ilẹ̀kùn ló ń fọ́ wọlé, a gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀;
èkejì yìí, inú ilé ló ti ń dàgbà,
ó ń bá wa jẹ nínú àwo kan náà.

Ó ní kí n má dáwọ́ dúró. Ẹ gbọ́ o: ó ní kí n má dáwọ́ dúró.
Ká kọ́kọ́ fi yanrìn sẹ́ omi, kí ewé kúrò,
nígbà náà oògùn díẹ̀ á tó.
Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò.
Ìyá mi ò mọ̀wé, aṣọ ló fi ń sẹ́ omi,
á jẹ́ kó tòrò nínú àmù di ọjọ́ kejì;
èmi ọmọ rẹ̀ ni mo ní ayé ti kọjá ìyẹn.

Yanrìn ti gba ìdajì àgbàlá mi báyìí.
Sìmẹ́ǹtì tí mẹ́rì ṣèlérí, a ò tíì rí i.
Láàárọ̀ yìí mo bu oògùn,
mo dá ìdajì padà sínú agolo,
mo tún bù ú jáde.
Ọmọ Sídóníì dúró nídìí ẹ̀rọ, ife lọ́wọ́.
Ó ní, "Bàbá, ṣé ó ti tó?"