Àpótí Òyìnbó Afárá

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá kọfí, ní ilé wa ní Kábbà,
Ọbarótìmí bàbá mi fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye owó:
ṣílè méjì àti tọ́rọ́, ọdún tí wọ́n parí afárá Ọ̀yì;
ṣílè mẹ́rin, ọdún tí òjò tètè dé;
lẹ́yìn náà, òǹkà kan tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù,
tí kò kọ òmíràn lé e.

Èmi náà ń kọ báyìí, lábẹ́ tirẹ̀.
Kì í ṣe ti kọfí. Igi kọfí ti di igi ìdáná.
Sìgá ni, sìgá Kúbà, tó ki bí àtàǹpàkò àgbẹ̀,
mọ́kànlélógún nínú àpótí igi olóòórùn
tí Òyìnbó Afárá fi sílẹ̀ fún bàbá mi
láàárọ̀ ọjọ́ tí ó ń lọ, tí ẹrù rẹ̀ kò gba ọkọ̀.

Ìbùkún, ọmọ àbúrò mi, ló rí irú rẹ̀ lórí fóònù:
gbàǹjo tí kò lágogo, tí kò lẹ́ni tó ń ké,
aago nìkan ló ń ka sẹ́yìn
bí ọmọ tí ń ṣeré bojúbojú.
“Yèyé, ẹ wò ó! Ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn!”
Mo ní kò sí ẹni tó ya wèrè tó bẹ́ẹ̀.
Mo ṣá kọ ọ́ sílẹ̀.

Oṣù kẹta, irinwó ó lé ogún.
Ìjì wó òpó fóònù; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láìrí nǹkan kan,
mo fi àyè wọn sílẹ̀ lófìfo.
Nígbà tí a tún rí wọn, ó ti já sí igba ó lé àádọ́ta:
wọ́n ti bá àpótí mẹ́wàá nínú àjà ilé olówó kan tó kú,
àwọn ọmọ rẹ̀ tú gbogbo rẹ̀ sójà lọ́jọ́ kan ṣoṣo,
bí iṣu Ògìdì lẹ́yìn ìkórè.
Èyí, bàbá mi ìbá mọ̀ ọ́n. Ìbá rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohun tí kọfí kò ṣe rí ni sìgá ń ṣe.
Ẹni tó rà á ń tiná bọ̀ ọ́,
bí ọ̀kan sì ti ń di eérú nílùú tí n kò mọ̀
ni ìyókù ń gbówó lórí.
Jíjó ni ó ń sọ àìjó di ọlọ́lá.
Ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹgbẹ̀ta. Ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì.
Ọyẹ́ ń ya ètè wa;
mo gbé kànìnkànìn tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú agolo
bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

Àfi lánàá tí Ìbùkún ka ìkọ̀wé wínníwínní:
iye yẹn, ti àpótí tó pé ni.
Èyí tó dín kò tó ìdajì.

Mẹ́rin ló dín.
Ọ̀kan, bàbá mi mu ún lórí afárá, ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ kọjá.
Ọ̀kan, òru tí wọ́n bí mi; ìyá mi ló sọ ọ́.
Ọ̀kan, ọjọ́ òǹkà tí ó nù yẹn: ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa,
ó mu ún tán, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ẹ̀kẹrin, ó wá a títí.
Ó fura sí Olúmoróti, akọ̀wé tó ń wọn kọfí,
ó sì lé e lọ láìsan owó oṣù.

Èmi ni.
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, lẹ́yìn àká,
mo fà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo bì,
mo ri ìyókù sídìí igi ọsàn.

“Yèyé, èló ni ká dá lé e, kí owó tó tún já?”
Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi.
Olúmoróti ní ọmọbìnrin kan ní Ìyárà,
wọ́n ní ó ń rán aṣọ ilé ìwé.

Kí aago wọn máa ka sẹ́yìn.
Mo ń wá bàtà mi.