Àpá Lára Igi

Dọ́là márùn-ún ni ká sọ sínú agolo ọ̀dà lẹ́nu ọ̀nà.
Mo sọ mẹ́wàá, mi ò gba ṣéńjì,
nítorí Ardith tó ń ṣọ́ agolo náà
ló gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi.

Gbọ̀ngàn náà ti jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rí.
Láti ìgbà tí kòtò èédú ti tì
ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè,
ṣùgbọ́n ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbá lára ògiri ṣì wà.
Yìnyín ń kan fèrèsé
bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.
A tó ogójì. Mo kà wá: mẹ́tàdínlógójì,
bí a bá yọ ajá Lonzo kúrò.

Àwọn mẹ́ta ló jáde.
Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sí iná aláràbarà.
Ottalee gbé gìtá kọ́rùn;
Corbin ọmọ rẹ̀ dì mọ́ báàsì tó ga jù ú lọ
bí ẹni tó ń ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó mutí yó dúró.
Verlin, ẹni àádọ́rin ọdún, jókòó láàárín,
ó gbé máńdólìnì sáyà bí ọmọ oṣù mẹ́fà.

Okùn mẹ́jọ, méjì méjì bí ìbejì:
bí ọ̀kan bá la ẹnu, èkejì á ti sọ ọ́.
Òtútù ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.
Ó yí kọ́kọ́rọ́ kan, ó dẹtí, ó yí i padà,
ó bẹ̀ wọ́n, ó bú wọn, ó ní,
"Ẹ má bínú, àwọn ọmọ mi ò tíì jẹun."
A rẹ́rìn-ín. Corbin ò rẹ́rìn-ín; ó ti gbọ́ ọ rí.

Lẹ́yìn náà, ó ta á.

Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?
Kì í ṣe bí omi. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé bí omi.
Ó dà bí ìgbà tí èèyàn da ẹ̀kúnwọ́ ìṣó tuntun sórí páànù
tí ìṣó kọ̀ọ̀kan sì mọ ibi tó ń lọ.
Báàsì ní dùùm, ó dákẹ́, ó ní dùùm,
gìtá ń gba àárín lọ bí ìyá tó di ọmọ méjì lọ́wọ́ mú.
Orin ọkùnrin kan ni
tó gbàgbé fìtílà rẹ̀ sórí tábìlì, tó wọ kòtò lọ.
Orin ò tíì dé ìdajì tí Lonzo ti ṣí fìlà.

Ìgbà tí Verlin gbé orí igi náà sókè sí gílóòbù
ni mo rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ kẹta:
àpá dúdú kan, kò ju èékánná àtàńpàkò lọ,
bí ẹni pé sìgá kan sùn síbẹ̀, tí kò sì tètè jí.

Bàbá mi máa ń fi sìgá há ibẹ̀ yẹn,
á gbàgbé rẹ̀ bí orin bá ti wọ̀ ọ́ lára.
Ìyá mi á pariwo: "Hobert, o máa dáná sun wá!"
Lọ́dún tí kòtò tì, ó fi ìwé ìròyìn wé máńdólìnì,
ó gbé e lọ sílé olówó ìdógò ní ìlú kejì,
ó sì kó bàtà òtútù bọ̀ fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Tèmi pupa. Ó fún mi lẹ́sẹ̀. Mi ò sọ.

Nígbà tí wọ́n ń to àga, mo lọ bá Verlin.
Ìbéèrè náà wúwo lórí ahọ́n mi bí owó irin.
Ohun tó jáde ni: "Ohùn rẹ̀ dáa."
Ó wo máńdólìnì, kò wò mí.
"Ó ti mọ orin kó tó mọ̀ mí," ló wí.

Sìgá pọ̀ láyé. Wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara;
wọn ò sọ bóyá ojú àpá ń jọ ojú àpá.

Mo jókòó sínú mọ́tò, mi ò tíì ṣíná.
Ìka ẹsẹ̀ mi ń ro mí,
gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.