Ìwé Àṣẹ Òrùlé

Ọdún kẹta rèé tí a ti ń fi abọ́ gba òjò ní pálọ̀.
Abọ́ mẹ́rin ni lákọ̀ọ́kọ́. Mọ́kànlá ni báyìí,
pẹ̀lú póò kan tí a kì í dárúkọ níwájú àlejò.
Ilé Ṣómẹ́fun ní Aké, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì,
fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun lókè,
bí ìpéǹpéjú ẹni tó ń ronú.
Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ nígbà tí òwò epo sọ ọ́ di olówó.
Orí àpáta ló jókòó sí. Ìpìlẹ̀ kò mì.
Òkè ló ti ń kú bọ̀ nísàlẹ̀.

Mo pe Múfútáù káfíńtà, ó gun òkè,
ó sọ̀ kalẹ̀, ìpáàrà kún èékánná rẹ̀.
"Páànù yìí ti di gúgúrú," ló wí, "ẹ fọwọ́ kàn án, á rún."
Ọjọ́ méje ni yóò fi parí iṣẹ́.
Ọjọ́ méje!
Àṣé a kò tíì bèèrè lọ́wọ́ ìwé.

"Ilé yín wà lára ilé àtijọ́ tí ìjọba ń dáàbò bò,"
ni Ọ̀gbẹ́ni Fátókun wí ní ọ́fíìsì wọn ní Ìbarà,
"ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ìṣó kan láìgbàṣẹ."
Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí wa kú oríire.
Fọ́ọ̀mù mẹ́ta. Fọ́tò ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ẹ̀rí pé àwa la nilé.
Páànù tuntun gbọdọ̀ nípọn bíi ti àtijọ́,
kò sì gbọdọ̀ dán, kó má di pé àlejò gun Olúmọ,
ó bojú wolẹ̀, kí ilé wa ta á lójú.
Ta ló tún ń ta irú páànù bẹ́ẹ̀? Mo rìn dé Láfẹ́nwá,
mo yí Sápọ́n po, aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń fi hàn mí, aláwọ̀ búlúù,
ọ̀kan tiẹ̀ pupa bí ètè ìyàwó.

Àǹtí Mojírọ́lá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
kò kúrò ní yàrá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ló ń sún.
Ó sún un sí ògiri, ó sún un sí ẹnu ọ̀nà, òjò ń tẹ̀ lé e.
"Ẹ bá mi bi ọ̀gá yín," ó ní,
"ṣé òjò náà máa ń kọ fọ́ọ̀mù?"

Nínú oṣù keje mo gun àjà lọ ya fọ́tò míì
(wọ́n ní ti àkọ́kọ́ ṣókùnkùn).
Ìgbẹ́ àdán, ìwé orin kan tí ikán jẹ dé orin Lẹ́ńtì,
àti lára igi, ẹfun tí kò parẹ́:
JÓNÀ LÓ TÚN UN KÀN, 1938.
BÓ BÁ JÒ, Ẹ MÁ PÈ MÍ. ÌṢÓ LÓ KÚRÚ.

Tún un kàn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Kí ló wà níbẹ̀ kí Jónà tó dé?
"Koríko bẹẹrẹ," ni Àǹtí dáhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè,
"kí owó epo tó pọ̀."

Mo kọ lẹ́tà: ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ àtijọ́, àtijọ́ wo?
Ti Jónà ni, àbí ti bẹẹrẹ?
N kò rí èsì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì kan
Fátókun wá fúnra rẹ̀, ó bọ́ bàtà,
ó gun àkàbà tòun ti táì, ó pẹ́ lókè.
Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi áńkáṣífù nu ẹfun lọ́wọ́.
Ó ní ilé bàbá òun ní Ìgbẹ̀ìn ti wó.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìwé àṣẹ dé, nígbà tí òjò ti lọ sinmi.
Òfin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ìkẹfà ni pé
kí a fi páànù àtijọ́ kan ránṣẹ́ fún ìpamọ́.
Múfútáù ti ń wá èyí tó ṣì dára.
Àǹtí ní rárá. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí òkè ibùsùn rẹ̀,
sí èyí tó ní ihò mẹ́tàdínlógún, ó ti kà wọ́n:
"Èyí ni kí ẹ gbé fún wọn.
Kí wọ́n wá abọ́ sábẹ́ rẹ̀."